Ẹrú Ọba: Ohun tí Orúkọ Náà Jẹ́ ní Kano àti ní Ọ̀yọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí wọ́n bí sí Kubwa níhìn-ín ní Abuja, ń ka ìtàn Kano fún iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ẹrú ṣe ń pàṣẹ fún ọmọ bíbí ìlú?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹrú Amẹ́ríkà nìkan ni ó mọ̀, níbi tí àwọ̀ ara ti jẹ́ àmì ẹrú, tí ọmọ sì ń jogún ipò ẹrú lára ìyá rẹ̀.

Ẹrú ọba, tí àwọn Hausa ń pè ní bayin sarki, ni ẹrú tí ó jẹ́ ti ààfin. Ní Kano àtijọ́, àwọn ni wọ́n ń jẹ oyè Shamaki, Dan Rimi àti Sallama, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ìjòyè ń gbà kí wọ́n tó fojú kan ọba. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí ń jíṣẹ́ Aláàfin, Ọ̀nà-Ìwẹ̀fà, ọ̀kan nínú àwọn ìwẹ̀fà (ẹrú ààfin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá), sì ń dá ẹjọ́ ní orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tí ọba fi fọkàn tán ẹrú ju ìbátan tirẹ̀ lọ? Níbí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn àgbà ní, "Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta." Ẹrú ni ẹni tí wọ́n já kúrò lára ẹbí rẹ̀, tí kò ní ilé baba tí yóò gbèjà rẹ̀. Ọmọ ọba lè du oyè, ìjòyè ní ìdílé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹrú kò ní ẹnìkan àfi ọba tí ó ni ín. Ìdí nìyẹn tí Òsì-Ìwẹ̀fà, bí ipò rẹ̀ ti ga tó, fi ní láti bá Aláàfin kú. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi irú oyè bẹ́ẹ̀ sọ pé ẹrú ilẹ̀ wa kò jìyà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí inú oko ni ọ̀pọ̀ ẹrú Kano ti lo ọjọ́ ayé wọn, kò sì sí ẹni tí ó fi wọ́n jẹ oyè níbẹ̀.

Ẹ̀yà tí wọ́n ń kó lẹ́rú pẹ̀lú kò dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ Gàmbàrí ni ó jẹ́ ẹrú ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó sá lọ bá Àfọ̀njá ní Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1817. Láàrin ọ̀rúndún yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun Nupe ń kó àwa Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi òní, lẹ́rú lọ sí Bida.

Òfin tí ìjọba Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àríwá Nàìjíríà, ṣe ní 1901 sọ pé òmìnira ni ọmọ tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún náà, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ wà lábẹ́ olówó wọn síbẹ̀. Ọdún 1936 ni òfin tó sọ gbogbo ènìyàn ní àríwá Nàìjíríà di òmìnira.