Àlùbọ́sà díndín onífúláwà

Àlùbọ́sà díndín onífúláwà jẹ́ ìpanu tí wọ́n ń fi àlùbọ́sà tí wọ́n gé ní róbótó ṣe, wọ́n á tú u sí òrùka-òrùka, wọ́n á rì í bọnú fúláwà pípò, wọ́n á wá dín in nínú òróró tó pọ̀ tó sì gbóná dáadáa títí ara ẹ̀ á fi pọ́n tí á sì máa dún kàràkàrà lẹ́nu. Onion rings lọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ń pè é, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta bọ́gà ni wọ́n sì ti sábà máa ń rà á, ní Ìkẹjà, Súrùlérè, Victoria Island àti Lẹ́kí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí kò sí nílé ìdáná tẹ́lẹ̀: àlùbọ́sà, fúláwà, òróró, iyọ̀ àti ata. Omi nìkan lọ̀tá ẹ̀. Nínú 100 gíráàmù àlùbọ́sà tútù, nǹkan bíi 89 ló jẹ́ omi, omi yẹn ló sì máa ń sọ ọ́ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí ẹni tó ń dín in ò bá mọ bó ṣe máa lé e jáde.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìyẹ̀fun bo àlùbọ́sà dín láyé. Àwọn ará Íńdíà máa ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà tiwọn ṣe pakora àti bhaji alálùbọ́sà, ní Amẹ́ríkà sì rèé, ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́gà lolórùka yìí ti gbajúmọ̀ láàárín ọdún 1900 sí 2000.

Àlùbọ́sà tó dáa fún un

Èyí tó pọ̀ jù nínú àlùbọ́sà tí wọ́n ń jẹ l'Ékòó, òkè ọya ló ti ń wá, láti Sókótó, Kẹ́bbì, Kánò àti Kàdúná, lọ́rí ló ń kó o wá sọ́jà Mile 12, ibẹ̀ làwọn alátùn-tà ti ń rà á lápò-lápò lọ sí Oyíngbò, Mushin àti àwọn ọjà tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kórè èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí náà tó bá ti ń sún mọ́ ìparí ọdún, èyí tó kù lọ́jà máa ń wọ́n, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀, òmíràn ti ń hù, òmíràn ti rà nínú.

Ọrùn àlùbọ́sà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Tí ọrùn ẹ̀ bá gbẹ tó sì le, inú ẹ̀ sábà máa ń dáa, àmọ́ tí ọrùn bá rọ̀ tàbí tó bá ń ta omi díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpele kan láàárín ti di búráùn bí ẹ̀yìn ẹ̀ tilẹ̀ ń dán, ìpele kan ṣoṣo yẹn sì ti tó láti ba gbogbo òrùka tó wà nínú ẹ̀ jẹ́. Èyí tó tóbi tó sì rí róbótó ló dáa jù, torí èyí tó gùn sókè kì í fúnni ní òrùka tó fẹ̀.

Àlùbọ́sà pupa tiwa ta lẹ́nu gan-an. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa dín ní Amẹ́ríkà, irú bíi Vidalia tó ń wá láti Georgia, máa ń dùn lẹ́nu torí ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí ò ní sọ́fọ̀ (imí-ọjọ́) púpọ̀, sọ́fọ̀ yìí ló sì wà nínú gáàsì tó ń ta síni lójú tí ọ̀bẹ bá ti la àlùbọ́sà. Ẹni tó bá ń lo pupa á kọ́kọ́ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30 kó tó gé e, òtútù máa ń dín agbára gáàsì yẹn kù, lẹ́yìn tó bá gé e tán á wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bíi ìṣẹ́jú 20 kí ẹnu títa ẹ̀ lè rọlẹ̀. Àwọn míì ń fi mílíìkì rẹ ẹ́, ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rírẹ, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ nù ún gbẹ o, torí ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́.

Gígé ẹ̀ àti awọ inú

Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá tín-ín-rín jù, á jóná kí fúláwà ara ẹ̀ tó jinná, tó bá sì nípọn jù, inú á ṣì tútù nígbà tẹ́yìn ti pọ́n. Tí wọ́n bá ti tú òrùka-òrùka ẹ̀ ká, kí wọ́n wo inú ìpele kọ̀ọ̀kan dáadáa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tó funfun tó sì ń dán, tí wọ́n bá fi èékánná gbé etí ẹ̀ ó máa ń bó lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ yẹn ló fà á tí èèyàn á fi gé òrùka jẹ, tí odindi àlùbọ́sà á fà yọ gbọọrọ, tí fúláwà nìkan á ṣẹ́ kù lọ́wọ́, torí fúláwà ò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan tó ń yọ̀. Iṣẹ́ bíbó ẹ̀ ń gba sùúrù, àmọ́ ìyàtọ̀ tó ń mú wá pọ̀ gan-an. Àwọn kékeré tó wà láàárín, kí wọ́n kó wọn pa mọ́ fún ọbẹ̀.

Fúláwà pípò

Fún àlùbọ́sà ńlá méjì, fúláwà ife kan, kọ́nfláwà ìdajì ife, ṣíbí ìmutíì kan báákìn páúdà, iyọ̀ àti ata gígún ti tó. Omi tútù gan-an, tàbí omi sódà tó ṣì ń hó, ni wọ́n á máa dà sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ki ju ẹ̀kọ mímu lọ àmọ́ tí kò ní ki tó ti puff-puff. Kí wọ́n má rò ó pẹ́. Fúláwà àlìkámà ní èròjà kan tó máa ń fà tí wọ́n bá ti ń pò ó, fífà yẹn la máa ń wá nínú puff-puff, ṣùgbọ́n níbí ńṣe ló máa ń jẹ́ kó le bí awọ, torí náà tó bá ṣẹ́ kókó díẹ̀ kò sí wàhálà. Kọ́nfláwà ò ní èròjà yẹn rárá, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kó dún kàrà, omi tútù náà sì ń dín fífà kù, gáàsì inú omi sódà àti báákìn páúdà á wá jẹ́ kó fúyẹ́. Ọjà Òkè-Arin ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè ra àwọn èlò yìí lówó ọjà, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà ń tà á.

Kí òrùka tó wọnú fúláwà pípò, kí wọ́n kọ́kọ́ yí i nínú fúláwà gbígbẹ, èyí ló ń fa omi tó kù lára ẹ̀ mu tó sì ń jẹ́ kí èyí tó tutù rí nǹkan dì mú. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbẹ sí i lè tún yí i nínú búrẹ́dì tí wọ́n ti sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀. Búrẹ́dì Agége náà ṣeé lò, àmọ́ ó rọ̀ ju kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní tútù lọ, kí wọ́n gé e kí wọ́n sì yan án díẹ̀ ná. Àwọn míì ń fi sẹ̀mó dípò ẹ̀, ó sì máa ń dún kàrà ju búrẹ́dì lọ.

Dídín ẹ̀

Òróró gbọ́dọ̀ gbóná tó 175 sí 190 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, òróró ẹ̀pà tó mọ́ tàbí èyíkéyìí tí kò tètè yọ èéfín ló dáa fún un. Ilé ìdáná tó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru òróró ò pọ̀, àmọ́ àwọn aláàkàrà òpópónà ti yanjú ẹ̀ tipẹ́, wọ́n á ju ègé àlùbọ́sà kan sínú agbada, tó bá hó yíká lẹ́ẹ̀kan náà tó sì léfòó, òróró ti ṣe tán. Fúláwà pípò díẹ̀ náà lè ṣe é, kó rì kó sì yọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá rì tó wá jókòó sílẹ̀, òróró ò tíì gbóná.

Híhó tí wọ́n ń rí yẹn, omi inú àlùbọ́sà ló ń di ooru tó ń jáde. Bó ṣe ń tì jáde bẹ́ẹ̀ náà ni òróró ò fi ní ráyè wọlé tó bó ṣe fẹ́, ìdí nìyẹn tí òróró tí kò gbóná fi máa ń jẹ́ kí ìpanu yìí mu òróró ṣìnkìn. Tí wọ́n bá kó òrùka púpọ̀ jù sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ooru òróró á já wálẹ̀, nǹkan kan náà á ṣẹlẹ̀. Bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ti tó, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n yí i padà lẹ́ẹ̀kan, tí híhó bá ti ń rọlẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ sì ti pọ́n, kí wọ́n gbé e. Agbada onírin máa ń di ooru mú ju páànù fẹ́lẹ́ lọ.

Orí ajere tàbí asẹ́ onírin ni kó ti jò. Tí wọ́n bá kó o jọ sórí bébà, ooru tó ń jáde lára ti ìsàlẹ̀ á rọ gbogbo ẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá jáde. Afẹ́fẹ́ Èkó ní ọ̀rinrin torí òkun àti ọ̀sà tó yí wa ká, torí náà ìpanu yìí kì í pẹ́ rọ̀, gbígbóná ni kí wọ́n jẹ ẹ́, èyí tó bá sì ti rọ̀, kí wọ́n tún un dín fún ìṣẹ́jú kan.

Òróró ò gbọdọ̀ ju ìdajì ìkòkò lọ, kí omi má sì kán sí i. Tí òróró bá gbiná, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí i láéláé, kí wọ́n pa gáàsì, kí wọ́n fi ọmọrí dé e, kí wọ́n má sì gbé e kúrò lórí iná.

Èyí tí wọ́n gé bí òdòdó

Irú kan wà tí wọ́n ń dín odindi àlùbọ́sà, wọ́n á la á lẹ́lẹ́ẹ̀lẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀ láìgé ìdí ẹ̀ já, á wá ṣí bí òdòdó nínú òróró. Outback Steakhouse, ilé oúnjẹ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tampa ní Florida lọ́dún 1988, ló sọ ọ́ di olókìkí. Àlùbọ́sà tó tóbi gan-an ló ń bá a lọ, èyí tó kéré lọ́jà wa kì í ṣí dáadáa, fúláwà á sì dì sáàárín ẹ̀ ní tútù, torí náà olórùka ló yá fún ilé.

Ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́

Máyónéèsì tí wọ́n po kẹ́ṣọ́ọ̀pù àti ata gígún mọ́ ló wọ́pọ̀, àmọ́ ata díndín tó ní àlùbọ́sà díẹ̀ nínú bá a mu jù. Wọ́n tún ń tò ó sáàárín small chops níbi ayẹyẹ, pẹ̀lú puff-puff, sàmósà àti mọ́sà, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dín in. Òróró tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi asẹ́ sẹ́ fúláwà tó jóná kúrò nínú ẹ̀ nígbà tó bá tutù, òórùn àlùbọ́sà tó wà nínú ẹ̀ á wúlò fún ọbẹ̀ ata, àmọ́ tó bá ti dúdú tàbí tó ń rùn, kí wọ́n dà á nù.