Ṣé lóòótọ́ ni wáìnì pupa dáa fún ọkàn?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ pé wáìnì pupa kì í ṣe ọtí, pé oògùn ọkàn ni, ife kan lálẹ́ ẹ̀jẹ̀ á máa lọ geere. Àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún gan-an ló ń sọ ọ́, ìyẹn ló ń dùn mí, torí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé lọ̀rọ̀ yìí ti wá. Wọ́n ń jẹ bọ́tà, wọ́n ń jẹ ẹran ọlọ́ràá, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ ní àrùn ọkàn ò pa wọ́n tó bó ṣe ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1991, Serge Renaud tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé bọ́ sórí ètò 60 Minutes ní tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, ó ní ó jọ pé wáìnì ni, báyìí lọjà wáìnì pupa ṣe yá nìyẹn.

Ìwádìí lóríṣiríṣi tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi àwọn tó ń mu díẹ̀ wé àwọn tí kì í mu rárá, ó sì ń jọ pé àwọn tó ń mu díẹ̀ ni ara wọn le jù. Àmọ́ ta ni wọ́n ń pè ní ẹni tí kì í mu yẹn gan-an? Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí dókítà ní kó jáwọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí oògùn tó ń lò ò bá ọtí mu wà níbẹ̀, ẹni tó ti mu ún títí kó tó sá fún un náà wà níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn jọ, ẹ wá fi wọ́n wé ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá débi pé ó ṣì ń mu wáìnì sí oúnjẹ alẹ́, tó sábà máa ń lówó lọ́wọ́, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tó ń rí dókítà lásìkò, báwo ni kò ṣe ní borí? Lọ́dún 2006, Kaye Fillmore tó ń ṣèwádìí lórí ọtí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣa àwọn ìwádìí tí kò ní àṣìṣe yẹn lọ́tọ̀, àǹfààní tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ ò sì hàn níbẹ̀ mọ́.

Resveratrol ńkọ́, èròjà inú wáìnì pupa tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọkàn? Ó wà lára awọ èso àjàrà lóòótọ́, àmọ́ mílígíráàmù díẹ̀ báyìí ló ń wà nínú odidi lítà wáìnì kan, èyí tí wọ́n sì fi ń ṣe ìwádìí lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù, ọtí á ti pa yín kí ẹ tó mu ún débẹ̀. Ẹ̀pà tá a fi ń jẹ gúgúrú pàápàá ní in.

Èyí tí wọn kì í sọ ni ti jẹjẹrẹ o. Ọtí tó wà nínú bíà àti ògógóró náà ló wà nínú wáìnì, ara á sì sọ ọ́ di acetaldehyde, ìyẹn kẹ́míkà olóró tó ń ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. Láti 1988 ni IARC, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kọ ọtí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ewu jẹjẹrẹ ọmú sì máa ń lé sí i kódà fún obìnrin tó ń mu ìwọ̀nba.

Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ tó ń mu ife kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò bá a jà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ̀ ń mu fún dókítà yín, torí ọtí fúnra ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè.