Táńkì ọkọ̀ àtijọ́ tẹ́ ẹ ti fa epo ẹ̀ gbẹ, òun gan-an ló léwu jù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwa tá a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́: "Mo ti fa gbogbo epo inú ẹ̀, ó ti gbẹ, kò lè ṣe nǹkan kan mọ́." Wọ́n á wá gbé táńkì lọ bá wẹ́dà pé kó bá àwọn jó ibi tó ń jò. Èmi náà ti sọ ọ́ rí o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ irọ́ gbuu ni. Èyí tó ṣófo ló máa ń bú gbàù jù, àwọn àgbà kúkú ti ní àgbá òfìfo ló ń pariwo, bó tiẹ̀ jẹ́ pé táńkì ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ohun tó fà á rèé. Epo tó ṣì jẹ́ omi kọ́ ló ń gbiná, oru tó ń jáde lára ẹ̀ ló ń gbiná, oru yẹn náà ò sì lè dá jó, àfi tó bá bá afẹ́fẹ́ pọ̀ níwọ̀n. Tí oru yẹn bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jó, títí dé nǹkan bí 7.6. Tó bá lé síyẹn, afẹ́fẹ́ tó máa fi jó ò ní tó. Táńkì tó ní epo dáadáa nínú, oru ẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ìyẹn lọ (mi ò ní kẹ́ ẹ lọ jó èyí tó kún o, ẹ má gbọ́ mi lódì). Fífa tẹ́ ẹ wá fa epo jáde yẹn, àyè lẹ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táńkì Beetle àtijọ́ ń gba nǹkan bí lítà 40. Ká ní epo tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ò ju ṣíbí kékeré kan lọ, ìyẹn bíi mílílítà 5. Tó bá di oru tán, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Lítà kan nínú 40, ìyẹn lé ní 2 nínú ọgọ́rùn-ún, àárín ibi tó ti ń jó gan-an nìyẹn. Ṣíbí kan péré o! Ẹ má sì rò pé òtútù máa gbà yín, torí pẹtiróòlù ń tú oru tó lè gbiná sílẹ̀ kódà tí òtútù bá mú débi 40 nísàlẹ̀ òdo.

Wẹ́dà kan tó jù mí lọ ló là mí lójú. Mo gbé táńkì lọ bá a, ọkọ̀ ọ̀hún ti wà lójú kan fún bí ọdún mẹ́ta, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi jó ihò kékeré yìí, ó ti gbẹ." Kò dá mi lóhùn. Ó gbé imú sẹ́nu táńkì, òun náà ò gbọ́ òórùn kankan, ló bá wọlé lọ bu omi gbígbóná wá, ó dà á sínú ẹ̀, ó mì ín dáadáa, ó ní kí n wá gbóòórùn ẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni òórùn epo ti ta mí nímú débi tí ojú mi ń ṣomi. Ó ní, "Àbúrò, omi lásán nìyẹn o, iná tèmi ńkọ́?"

Inú ìdógùn-ún ni epo yẹn sá pa mọ́ sí. Ó tún máa ń wà lójú ibi tí wọ́n ti lẹ irin pọ̀, àti lábẹ́ epo àtijọ́ tó ti gan bíi gọ́ọ̀mù nísàlẹ̀ táńkì. Tí iná bá ti kàn án, á yọ́, á sì di oru lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí imú ò fi ṣeé gbára lé.

Àwọn kan á ní àwọn ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àwọn míì á ki páìpù láti sáláńsà ọkọ̀ míì bọ ẹnu ẹ̀ kí èéfín lè lé afẹ́fẹ́ jáde, àwọn míì á rọ omi kún un. Ti omi yẹn sàn díẹ̀ torí kì í jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù fún oru, àmọ́ ẹ máa rí ẹni tó máa gbé e dúbúlẹ̀ kí ihò lè kọjú sókè, afẹ́fẹ́ á wá wọ apá kan. Àwọn tó mọṣẹ́ yìí dunjú, omi gbígbóná àti kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ wo bóyá oru ṣì wà kí wọ́n tó tan iná.

Iná wẹ́dà nìkan sì kọ́ o. Ẹ̀rọ tó ń gé irin, dírílì, gbogbo ohun tó bá ṣáà ti ń ta iná. Ẹ wo Mustang ọdún 1965, orí táńkì ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ búùtù, ẹni tó bá ń lu ihò síbẹ̀ láti fi de nǹkan, inú táńkì ló ń lù ú sí.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Táńkì tó ti lu látinú, ihò kan tẹ́ ẹ rí ní àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òjé àti tánganran ni wọ́n sì fi bo irin ọ̀pọ̀ táńkì àtijọ́, májèlé ni èéfín òjé tó bá jóná.

Ẹ yọ bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí wáyà flóòtì, ìyẹn ohun tó ń léfòó nínú táńkì láti wọn epo, lè ta iná. Ẹ má fẹnu fa epo, tó bá gba ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ilé ìwòsàn ni. Kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ ò sì dáa fún iṣẹ́ yìí, oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí. Táńkì tuntun tó ní ọ̀dà yíká, ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀ ti máa kan irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ géèjì tó ń sọ iye epo á máa parọ́ fún yín. Ẹ wo páìpù tó ń jẹ́ kí táńkì mí, tó bá dí, ọkọ̀ á rìn díẹ̀ á kú, tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí á dún "fíìn", ọkọ̀ á tún sítáàtì. Ọ̀pọ̀ ló ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀ nítorí ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti de táńkì tuntun yẹn tán, ẹ má tíì rọ epo kún un. Lítà mẹ́ta ti tó, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo ojú ibi tí irin ti pàdé àti ẹnu rọ́bà, ẹ fi í sílẹ̀ bíi wákàtí kan, ẹ tún nù ún. Tí tíṣù bá ṣì gbẹ, ẹ wá da ìyókù sí i.