Hay fever àti bí a ṣe lè dí ọ̀nà mọ́ pollen nínú ilé

Hay fever ni àlẹ́jì tí ń mú kí imú máa ṣomi, kí ènìyàn máa sín léraléra, kí ojú sì máa pọ́n kí ó máa yún ún, ní àkókò tí pollen bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Pollen ni lẹ́búlẹ́bú tí akọ òdòdó ń tú jáde kí abo lè so èso. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá to nǹkan bí 30 hóró pollen koríko tẹ̀ lé ara wọn, ìlà náà kò ní ju mìlímítà 1 lọ dáadáa. Kò ní kòkòrò àìsàn kankan nínú, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó ní hay fever a máa kà á sí ọ̀tá. Bí ó bá ti bà lé awọ inú imú tàbí ti ojú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ a tú èròjà tí ń jẹ́ histamine sílẹ̀, èyí tí ó ń mú kí ibẹ̀ wú, kí ó sì máa yún. Ọ̀fìnkìn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n èyí lè bá ènìyàn fà á fún oṣù mélòó kan, láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná rárá.

Ní ọdún 1819, dókítà John Bostock ṣàlàyé àìsàn yìí níwájú àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ lẹ́nu láti kékeré. Kò mọ̀ pé pollen ni ó ń fà á. Charles Blackley, dókítà kan ní Manchester tí òun náà ní in, ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1873, lẹ́yìn tí ó ti fi pollen sí imú àti awọ ara rẹ̀ láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, pollen igi ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, pàápàá ti igi birch, láti ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Ti koríko, tí ó ń dààmú ènìyàn jù lọ, a tẹ̀ lé e láti àárín oṣù Karùn-ún títí di oṣù Keje. Ẹni tí kò ní hay fever rí nílé lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní in lẹ́yìn ọdún mélòó kan níbẹ̀, nítorí pé ara ní láti kọ́kọ́ pàdé pollen náà léraléra kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ọ̀pọ̀ wa a sì máa pè é ní òtútù, a ó máa mu àgbo sí i.

Ẹ má tíì da òdòdó orí tábìlì nù. Pollen òdòdó aláràbarà wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, kòkòrò ni ó ń gbé e kiri. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọlé ni ó yẹ kí a ṣọ́. Ní òwúrọ̀, bí oòrùn bá ti ń mú, koríko a tú pollen rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì gbé e lọ sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá tutù, a tún bọ̀ sílẹ̀ sí ibi tí imú wa wà. Nítorí náà, ó yẹ kí fèrèsé wà ní títì ní àwọn àsìkò méjèèjì yìí, pàápàá ti yàrá ìbùsùn, kí a sì ṣí i nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Met Office, tí ó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, a máa kéde bí pollen yóò ti pọ̀ tó láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹsàn-án.

Síbẹ̀, ara wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá wọlé. Ó ṣòro fún Yorùbá láti rí oòrùn kí ó má sá aṣọ síta, ṣùgbọ́n aṣọ ìbùsùn tí a sá sí ìta ní oṣù Kẹfà yóò kó pollen wá sí abẹ́ imú wa ní gbogbo òru. Bí a bá ti ìta dé, kí a pààrọ̀ aṣọ, kí a sì wẹ̀. Ìmọ̀ràn pé kí a máa fọ irun lálaalẹ́ kò rọrùn fún ẹni tí ó di irun tàbí tí ó ta á. Kí ó wé gèlè tàbí kí ó dé fìlà bí ó bá ń jáde, kí ó sì ṣí i sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ajá tí ó ti yí nínú koríko kò gbọdọ̀ gun ibùsùn. Àkísà tútù ni kí a fi nu eruku, nítorí gbígbẹ ń tún un fẹ́ sókè ni. Vaseline díẹ̀ ní ẹnu ihò imú pẹ̀lú a máa mú pollen kí ó tó wọlé.

Ní ti oògùn, Piriton tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti ilé ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí yóò wakọ̀ tàbí tí yóò lọ síbi iṣẹ́. Cetirizine àti loratadine kì í sábà kun ènìyàn lóorun tó bẹ́ẹ̀. Oògùn steroid tí a ń fín sí imú lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó hàn dáadáa, nítorí náà kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú àkókò pollen. Kí ẹni tí ó lóyún, tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tí ó ń lo oògùn mìíràn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ apòògùn.

Ẹni tí ó ní àsímà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia, ìjì òjò kan ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2016 fọ́ pollen koríko sí wẹ́wẹ́ tí ó fi kéré tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ènìyàn 10 sì kú. Púpọ̀ nínú àwọn tí èémí wọn há lọ́jọ́ náà kò ní àsímà rí, hay fever nìkan ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ní. Bí ààrá bá ń sán ní ìgbà pollen, kí a wà nínú ilé, kí a ti fèrèsé. Bí àyà bá sì ń fún ni tàbí bí èémí bá ń dún, kí a lọ rí dókítà láìjáfara.