Ẹnu Kọ́ Ni Wọ́n Ń Kọ́ Wa ní Mass Comm

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba máìkì níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ṣómólú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó kí àwọn àgbà, ó fi bàbá ìkókó ṣe yẹ̀yẹ́, ó sín akàròyìn orí tẹlifíṣọ̀n jẹ, gbogbo abẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Ni àǹtí wa kan bá pariwo látìdí kúlà: "Ọmọ yìí lẹ́nu o! Ẹ jẹ́ ó lọ ka Mass Comm!" Gbogbo wọn ṣe àmín.

Èmi ò ṣe é. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ohùn mi ń dún bí agogo. Mo lọ ka Mass Comm yìí, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn àti bí a ṣe ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀, ní yunifásítì, mo lo ọdún mẹ́rin (ọdún mẹ́rin inú ìwé ni o, ti ìyanṣẹ́lódì ò sí níbẹ̀). Nínú gbogbo ẹ̀, kíláàsì méjì péré ni ohùn mi ti wúlò.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti wá ò le. Ẹni tó ń ka ìròyìn nìkan là ń rí. Ẹni tó lọ wádìí ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó jókòó tó ń yẹ orúkọ àti iye owó wò kó tó jáde, a kì í rí wọn. Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn àgbà fún rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Orúkọ náà bá ẹ̀rọ yẹn mu gan-an nígbà tí wọ́n fi wáyà fà á wọ ilé onílé l'Ékòó láti 1935. Kò bá ẹ̀kọ́ náà mu rárá. Èsì gan-an ni wọ́n ń kọ́ wa.

Ọdún kìíní la ti kọ́ ìbéèrè márùn-ún tí Harold Lasswell, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1948. Ta ló sọ̀rọ̀? Kí ló sọ? Ọ̀nà wo ló gbà sọ ọ́? Ta ló sọ ọ́ fún? Kí ló tìdí ẹ̀ yọ? Ẹyọ kan nínú márààrún ló kan ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó lẹ́nu nínú wa rò pé ibẹ̀ la máa dúró sí.

Ọdún kejì ló là mí lójú. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìròyìn kíkọ ní ká lọ sọ́jà, ká bi ẹnì kan léèrè nípa ọjà tó ń tà, ká kọ ọ̀rọ̀ 250. Mo wọ dáńfó lọ sí Ọyìngbò, mo bá ìyá kan tó ń ta gàárì sọ̀rọ̀, mo délé, mo kọ 600. Mo kọ bí oòrùn ṣe ń ràn, bí ariwo ọjà ṣe ń lọ sókè. Olùkọ́ mú bírò pupa, ó ń fa ilà sí i, ó ń fà á, títí ó fi ku ìlà méjì péré. Ó wá fi ìdí bírò tẹ ibi tí mo kọ "Ìyá Rísì" sí. "Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní Ìyá Rísì ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó ní òun ò bi mí léèrè ohun tí ọjà ń pè é. Mo padà sí Ọyìngbò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láti lọ béèrè orúkọ obìnrin kan. Ó fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa kó tó sọ ọ́, ó sì tún ní iye tí mo kọ pé òun ń ta kọ́ńgò kan kì í ṣe iye tí òun sọ. Lóòótọ́ ni. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe, ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan, oṣù méjì ni mo fi ń gbé fóònù àwọn tó ń pè sórí ètò, tí mo ń kọ orúkọ wọn, àdúgbò wọn àti ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Máìkì wà lẹ́yìn gíláàsì, mo ń wò ó láti òkèèrè. Mo bínú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní August 2020, NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bu owó ìtánràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé Nigeria Info 99.3 l'Ékòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí àlejò sọ lórí ètò wọn. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ló sọ ọ́ o. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ padà sọ ní 2023 pé NBC ò lágbára láti máa bu irú owó bẹ́ẹ̀ léèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ kí n mọ ìdí tí wọ́n fi fi èèyàn sídìí fóònù.

Kíláàsì òfin náà ń bẹ. Àwa Yorùbá fẹ́ràn "wọ́n ní". Wọ́n ní lágbájá kówó jẹ, wọ́n ní tàmẹ̀dò ti kọ ìyàwó ẹ̀. Nínú òfin ìbanilórúkọjẹ́, kò sí ibi tí "wọ́n ní" máa gbé ọ sá sí. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ sọ, tó gbé e jáde, òun náà ló sọ ọ́. Ẹlẹ́nu dídùn ló máa ń kọ́kọ́ kó sí i.

Àwọn tó sá fún ìṣirò wá bá wa pọ̀. Ìṣirò ti jókòó dè wọ́n ní ọdún kẹta. Fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ìwé ìbéèrè 150 ni mo pín láàárín Akọkà àti Bárígà, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan fi àmì sí ọkùnrin, ó tún fi sí obìnrin. Àwọn ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ yìí náà, béèyàn ṣe ń ka iye lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe é. McCombs àti Shaw, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ohun tí oníròyìn bá ń gbé síwájú ni ará ìlú máa ń kà sí pàtàkì, 100 olùdìbò ni wọ́n lọ bi léèrè ní Chapel Hill lọ́dún 1968, kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1972.

Ẹni tó bá ní kò pọn dandan kéèyàn lọ kà á rárá, èmi ò ní bá a jà. Látééfù Jákáńdè ò kà á ní yunifásítì kankan, oníwèé ìròyìn paraku sì ni kó tó di gómìnà Èkó ní 1979. Ṣùgbọ́n orúkọ John West ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ nínú Tribune. Ẹni tó ń kà á ò rí ojú ẹ̀, kò gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ máìkì dandan náà máa rí i. UNILAG, tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti 1966, ní rédíò tiwọn nínú ọgbà, 103.1 FM. Àmọ́ NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ti fọ́ Mass Comm sí méje báyìí: iṣẹ́ ìròyìn lọ́tọ̀, ìpolówó ọjà lọ́tọ̀, fíìmù lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹyọ kan ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà pé kí n tọ́ òun sọ́nà. Mo ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá àgbà nísàlẹ̀, kó bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi padà dé. Ìbéèrè tiẹ̀ gba odidi ojú ewé kan, ó fi òwe sí i. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé: "Màmá sì dáhùn."

Mo ní kó padà lọ.