Àìsàn PCOS àti nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège

PCOS (polycystic ovary syndrome) ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ìṣòro họ́mọ́nù kan tó máa ń bá obìnrin fínra láti ìgbà tó bá ti bàlágà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí ló ní in, àti pé èyí tó tó ìdá 70 nínú wọn ni kò tíì mọ̀. Kì í ràn. Kì í sì í ṣe oyún ṣíṣẹ́ tàbí ìṣekúṣe ló ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi kan ọmọbìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Lóṣooṣù, àwọn àpò ẹyin kéékèèké máa ń dàgbà nínú ilé ẹyin. Ọ̀kan á borí àwọn yòókù, á bẹ́, ẹyin á sì jáde. Bí ẹyin náà kò bá di oyún, awọ inú ilé ọmọ tó ti nípọn sílẹ̀ dè é á wó. Òun ló ń di ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù. Lára ẹni tó ní PCOS, àwọn àpò náà á dàgbà dé ìwọ̀n kan, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Họ́mọ́nù ọkùnrin, tí gbogbo obìnrin ní ní ìwọ̀nba, á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ínsúlìnì, họ́mọ́nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ara á wá máa pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù, àpọ̀jù yìí á sì tún máa ti ilé ẹyin láti pèsè họ́mọ́nù ọkùnrin sí i. PCOS máa ń rìn nínú ẹbí.

Àwọn àmì rẹ̀ ni irungbọ̀n, irun àyà, irorẹ́ tí kò lọ, irun orí tó ń re, àti ara sísanra, ṣùgbọ́n àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ní in. Ọrùn àwọn mìíràn á dúdú, á sì nípọn, tí ìyá wọn á máa ní kí wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìdọ̀tí kọ́, ínsúlìnì tó pọ̀ jù ló ń fà á.

Àyẹ̀wò

Lọ́dún 1935, àwọn dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin méje tí ilé ẹyin wọn tóbi, tí nǹkan oṣù wọn kò sì gún. Láti 2003 ni ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Rotterdam ti fìdí ìlànà kan múlẹ̀: ó yẹ kí méjì wà nínú ohun mẹ́ta yìí, ìyẹn nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, àmì họ́mọ́nù ọkùnrin tó pọ̀ lára tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, àti ilé ẹyin tó kún fún àpò kéékèèké lórí skáànì. Fún ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́jọ tó ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í lo skáànì, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé ẹyin ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe máa ń rí.

Èsì skáànì ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù. Obìnrin á mu omi títí ìtọ̀ á fi kún inú rẹ̀, wọ́n á ṣe skáànì fún un, wọ́n á sì fún un ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé ẹyin rẹ̀ ní àpò púpọ̀. Kó tó délé, ó ti gbà pé iṣẹ́ abẹ ló kàn. Àwọn àpò yẹn kò ju milimítà 2 sí 9 lọ. Ẹyin tí kò dàgbà tán ló wà nínú wọn, a kì í sì í gé wọn kúrò. Kí dókítà tó fẹnu kò sí PCOS, ó yẹ kó ti yẹ oyún, táírọ́ọ̀dù (ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn tó ń pèsè họ́mọ́nù) àti họ́mọ́nù tó ń mú ọmú sẹ wàrà wò.

Kíka ọjọ́

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé sí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òmíràn dé ni a ń kà. Bí ọ̀kan bá dé ní 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí èyí tó tẹ̀ lé e dé ní 19 oṣù Ẹrẹ́nà, ọjọ́ 75 ni (bí ọdún náà kò bá ní 29 oṣù Èrèlé). Fún àgbàlagbà, ọjọ́ 21 sí 35 ló bójú mu. Ẹni tí kò bá rí i tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún ní láti lọ rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ tó kàn tò sí pátá lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n kí a kọ òun náà sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà máa ń sọ ohun tí ẹnu kò lè rántí níwájú dókítà.

Láàárín àwọn Yorùbá Mùsùlùmí, láti Ìlọrin dé Kánò, kíka ọjọ́ tún kan ẹ̀sìn. Ìdà ni àkókò tí obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn; bíbọ̀ nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni a fi ń kà á, ó sì lè nira fún ẹni tí tirẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé. Nínú ìlànà Màlíkì, ọ̀kan lára àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ ní àríwá ń tẹ̀ lé, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró láìmọ ìdí lè dúró títí di ọdún kan. Ìwé dókítà máa ń ran ààfáà lọ́wọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ìtọ́jú

PCOS kò ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣeé káwọ́. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ni awọ inú ilé ọmọ. Bí ẹyin kò bá jáde, yóò máa nípọn láìwó, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá pé oṣù mẹ́ta láìrí nǹkan oṣù kò gbọ́dọ̀ máa yọ̀ pé òun bọ́ lọ́wọ́ ríra páàdì. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí i dájú pé kò sí oyún, ó lè kọ oògùn họ́mọ́nù tí wọ́n ń pè ní progestogen fún un láti lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ̀jẹ̀ á dé ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí.

Ẹni tí kò tíì fẹ́ bímọ lè lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró. Ó ń mú nǹkan oṣù gún, ó ń dín irorẹ́ kù, kì í sì í sọ ènìyàn di àgàn. Kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí nínú iṣan rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kàn rà á ní kẹ́míìsì. Metformin wà fún ọ̀rọ̀ ínsúlìnì. Ó lè da inú rú, nítorí náà oúnjẹ ni a fi ń lò ó. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, dókítà sábà máa ń pín in sí àsìkò ìṣínu àti sààrì. Fún ẹni tó ń wá ọmọ, letrozole ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹyin lè jáde, ọ̀pọ̀ ló sì ń bímọ. Kò sí àgbo tí ìwádìí fi hàn pé ó ń wò ó sàn.

Ní ti oúnjẹ, kò sí ọ̀kan tó ju òmíràn lọ. Bí ẹni tó sanra bá dín ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, ìyẹn nìkan lè mú nǹkan oṣù padà. Ṣúgà inú kúnú, zóbò àti fúrà tó ń tutù nínú kúlà lẹ́bàá ọ̀nà ló yẹ kí a ṣọ́ ju tùwó tàbí àmàlà fúnra rẹ̀ lọ. Wákàtí méjì ààbọ̀ ìrìn kíákíá lọ́sẹ̀ dára. Ẹni tó ń kúrò ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá, ní ìdájí láti lọ síṣẹ́ lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ṣáájú ibi tó ń lọ, kó fẹsẹ̀ rìn èyí tó kù.

Ní Àbújá, National Hospital àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada ní ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn obìnrin; bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ṣíkà ní Sàríà àti Aminu Kano ní Kánò. Ìbànújẹ́ ọkàn àti àníyàn wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní PCOS, pàápàá fún ìyàwó tí ẹbí ọkọ ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ gún lára, ó sì yẹ kí wọ́n sọ èyí fún dókítà.

Àtọ̀gbẹ ni ewu tó ń bá a lọ fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún kan sí mẹ́ta ni kí wọ́n máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì tètè yẹ̀ ẹ́ wò bí oyún bá dé. Bí obìnrin bá ń sún mọ́ ogójì ọdún, nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń gún régé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ewu àtọ̀gbẹ kì í kúrò.