Ṣé Ìwé Nìkan Ni Ọmọ Lọ Kọ́ ní Yunifásítì?

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó máa ń kìlọ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì pé kí ó jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ìwé ni ó lọ kà, kò lọ ṣe òṣèlú. Ìfẹ́ ni ó wà nídìí ìkìlọ̀ náà, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn òbí ti rí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àti èyí tí ìbọn bà níbi ìwọ́de. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìlú kò sí lára ohun tí yunifásítì wà fún kò bá ìtàn wa mu rárá.

Kí Nàìjíríà tó ní yunifásítì kankan ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní ọdún 1925, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń jíròrò lórí ọjọ́ iwájú ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, tí òmìnira kò tíì pé oṣù 2, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn kọrí sí Èkó, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ẹni tí kò lóye àdéhùn kò lè tako ó. Ó di dandan kí wọ́n ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí yóò dé bá orílẹ̀-èdè tuntun bí ọmọ ogun ilẹ̀ mìíràn bá ní ẹ̀tọ́ lójú òfurufú rẹ̀, kí wọ́n sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé àdéhùn náà.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé oyè yunifásítì fúnra rẹ̀ ń sọ ènìyàn di olóòótọ́. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Akwa Ibom rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 nítorí pé ó yí èsì ìdìbò ọdún 2019 padà. Ìwé kò wọ́n ọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe iṣẹ́ GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogbogbò, nípa àwọn ẹ̀yà àti àṣà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń há a sórí fún ìdánwò ni. Inú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọrọ ìbò, bí a ṣe ń bi akápò léèrè ìṣirò owó, àti bí a ṣe ń gbà pé ẹlòmíràn ni ó wọlé. Lóòótọ́, owó àwọn olóṣèlú àti ọwọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti ba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ náà jẹ́, ó sì dùn mí gan-an. Àtúnṣe ni ó yẹ wọ́n, kì í ṣe pé kí a tì wọ́n pa.

Láti ọdún 2011, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, tí ó ti jẹ gíwá Yunifásítì Bayero, jẹ́ alága INEC, ni àjọ elétò ìdìbò náà ti ń fi àkójọ èsì ìdìbò lé àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́, tí ó sì ń lo agùnbánirọ̀ púpọ̀ ní ibùdó ìdìbò. Níbi tí àwọn aláṣẹ bá ti fi òfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ lè gboyè láìdìbò rí nínú ọgbà, kí wọ́n sì gbé ìwé ìdìbò odidi àdúgbò lé e lọ́wọ́ lọ́dún kan náà.